Ṣé Amẹ́ríkà ti fagi lé ìdánwò SAT?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Èsì WAEC ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, A1 pọ̀ nínú rẹ̀. Èjẹ́ńtì kan ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti fagi lé SAT, ìdánwò ìgbàwọlé wọn, láti ìgbà Kòrónà, pé kí n san ₦400,000 kó fi bá wa gba ìwé tí yóò yọ ọmọ náà kúrò nínú ìdánwò. Ó ti gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣé kí n sanwó? Nínú SAT àti ACT, ìdánwò ìgbàwọlé kejì tó jọ ọ́, ńkọ́, èwo ló dára jù? (Ìyá kan, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀, mà. Ẹ lọ gba pásípọ́ọ̀tù ọmọ yín lónìí, torí òun ni wọn yóò fi dá a mọ̀ ní sàńtà ìdánwò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá béèrè SAT, kò béèrè náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún un. Èyí tó bá béèrè rẹ̀, kò sí èjẹ́ńtì kan ní gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó lè bá yín bẹ̀ ẹ́.

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú. Òótọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń bo irọ́ náà. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti sàńtà ìdánwò pa, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ẹni tó bá wù kó fi máàkì SAT ránṣẹ́, ẹni tí kò bá wù kó fi sílẹ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ò ní wò ó mọ́. Àwọn tí kì í wò ó rárá yàtọ̀, University of California sì wà lára wọn: bí ọmọ yín gba 1600, tó jẹ́ òpin máàkì, wọn ò ní tìtorí rẹ̀ mú un. MIT ti tún sọ SAT di dandan láti 2022. Dartmouth, Yale, Brown, Harvard àti Caltech kéde tiwọn ní 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yale ń gba máàkì AP tàbí IB, ìdánwò tí àwọn ọmọ kan ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, dípò rẹ̀.

Àríyànjiyàn ńlá ni lọ́hùn-ún. Àwọn kan ní ọmọ olówó ni ìdánwò náà ń gbè, torí òun ló rówó san fún lẹ́sìnnì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dartmouth yẹ àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ilé wọn ò rí já jẹ ń fi máàkì bíi 1400 pa mọ́, wọ́n rò pé kò tó nǹkan. Máàkì yẹn gan-an ni ìbá ràn wọ́n lọ́wọ́, torí wọ́n máa ń wo ibi tí ọmọ ti wá mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ọmọ yín. Gbogbo wa la mọ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, tó ti wà láti 1956. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ní Massachusetts lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kí a má tíì sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré àdúgbò. A1 ni yóò rí lára ọmọ yín, A1 náà ni yóò rí lára ẹlòmíràn, ìwé-ẹ̀rí WAEC kò sì ní sọ fún un bóyá 75 ni tàbí 98. Máàkì SAT, yóò kà á, yóò yé e. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti ní ó wà lọ́wọ́ yín pàápàá, tí máàkì ọmọ bá dára, ẹ fi ránṣẹ́.

Ìyọ̀ǹda kan wà lóòótọ́, ti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, TOEFL tàbí IELTS. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ìyẹn jin ọmọ tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ìméèlì lásán ló sì máa fi béèrè. TOEFL kì í ṣe SAT.

SAT tàbí ACT? Wọ́n ń gba méjèèjì bákan náà. Kó mú ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe SAT báyìí: ìbéèrè 98, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 14. Bó bá ṣe ṣe ìdajì àkọ́kọ́ nínú apá kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ bí ìdajì kejì yóò ṣe le tó. Ìṣírò ni mo ti ń rí i tí àwọn ọmọ wa ń ṣòfò àkókò: wọ́n á máa kọ wọ́kìn-ìn sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi ti WAEC, Desmos, ẹ̀rọ ìṣírò tó lè ya gíráàfù fún wọn, sì wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Kó wa Bluebook, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, sórí kọ̀ǹpútà, kó fi ṣe ìdánrawò, kó sì lo Khan Academy, ojú-òpó ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Wọ́n máa ń yí òfin yìí padà lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ ka ojú-ewé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fúnra yín kó tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Èmi ò ṣèlérí ìgbàwọlé fún ẹnikẹ́ni, ẹ sá fún ẹni tó bá ṣèlérí rẹ̀. Kó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò oṣù kẹwàá. Bí máàkì náà ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ti oṣù kejìlá ṣì wà níwájú, torí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti fọ́ọ̀mù.