Àrọ̀ ńlá tó ń gbé àwọn yòókù mì: báwo la ṣe ń sìn ín nínú táǹkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹja Hetero (Heterobranchus, irú àrọ̀ ńlá kan) méjì lọ́wọ́ apẹja kan nítòsí Jẹ́bà. Ọ̀kan wọn kílò 7, èkejì wọn 9. Mo fẹ́ tọ́jú wọn kí n máa fi wọ́n pèsè ọmọ ẹja. Táǹkì búlọ́ọ̀kù tí mo kó wọn sí gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2, Clarias (irú àrọ̀ tó wọ́pọ̀ lóko ẹja) 40 tó tó gíráàmù 200 lọ́kọ̀ọ̀kan sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Clarias 14 ti dàwátì. Láàárọ̀ àná mo bá Hetero tó kéré jù lẹ́yìn ògiri táǹkì, ara rẹ̀ ti bó, àmọ́ ó ṣì ń mí, mo sì dá a padà. Kí ni kí n ṣe? *Olùbéèrè láti Ìṣẹ́yìn*

Ìdáhùn: Èyí tó fò jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó pín bí ẹ̀ka igi, òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi lè pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù láìkú. Àmọ́ ọ̀yọ̀ ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, ibi tó sì bó yẹn ni àrùn máa gbà wọlé. Ẹ yọ́ iyọ̀ sínú garawa omi, kílò 3 fún lítà 1,000 omi táǹkì, kí ẹ rọra dà á sí igun tí ẹja ò sí. Kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ bá pààrọ̀ omi láàárín rẹ̀, ẹ dá iyọ̀ padà ní ìwọ̀n omi tí ẹ dà nù. Ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Bí nǹkan funfun bí òwú bá hù lójú egbò, tàbí egbò náà ń jinlẹ̀ sí i, ẹ pe dókítà ẹran. Àwọn kan máa ń tú kápúsù oògùn èèyàn sómi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, kò sẹ́ni tó lè sọ bí oògùn tó dé ara ẹja ṣe pọ̀ tó.

Clarias 26 tó kù, ẹ kó wọn kúrò lónìí, kí ẹ tó da iyọ̀ sí i. Ẹja èyíkéyìí tí orí rẹ̀ bá ti gba ẹnu Hetero, oúnjẹ ni. Mẹ́rìnlá tí wọ́n ti jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 3, ìyẹn lé ní gíráàmù 130 lójúmọ́. Gbogbo oúnjẹ tí ẹja méjèèjì nílò lóòjọ́ kò ju gíráàmù 160 lọ, nítorí náà bí ẹ bá tún ń da oúnjẹ oníhóró (èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún ẹja) sí i, ohun tí wọ́n ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: Clarias máa ń na ẹ̀gún apá rẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan bí wọ́n bá ń gbé e mì. Ó lè há sọ́fun Hetero, kí ẹni tó ń jẹ àti ẹni tí wọ́n ń jẹ jọ kú.

Kí ẹ tó náwó kankan sí táǹkì tuntun, ẹ wádìí èwo ni akọ, èwo ni abo. Ẹ yí ẹja náà kọjú ikùn sókè, ẹ wo ẹ̀yìn ihò ìgbẹ́ rẹ̀. Ti akọ gùn, ṣóńṣó rẹ̀ sì nà sápá ìrù. Ti abo rí róbótó. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé a lè tẹ ikùn abo kí ẹyin jáde, kó sì yè, àmọ́ àtọ̀ akọ àrọ̀ kì í jáde bẹ́ẹ̀. A ní láti la ikùn rẹ̀ ká tó rí kórópọ̀n rẹ̀ yọ, ọ̀pọ̀ oko ló sì jẹ́ pé wọ́n á pa á ni. Dókítà tó mọṣẹ́ lè gé díẹ̀ nínú rẹ̀ kó sì rán ikùn náà padà, àmọ́ irú wọn ò pọ̀. Akọ kan, ìgbà kan, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bó bá jẹ́ akọ ni méjèèjì, tí ẹ ò sì ní abo Clarias tó ti gbó nílé, ẹ tà wọ́n fún oko tó ń pèsè ọmọ ẹja. Ìyẹn sàn ju kí ẹ máa bọ́ wọn fún ọdún kan lásán.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú wọn, táǹkì yẹn ò gbà wọ́n. Ẹja kílò 9 fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan, irú Hetero kan sì wà tó lè kọjá kílò 50 nínú odò. Ó gbọ́dọ̀ lè yí padà láìfi irun ẹnu rẹ̀ ha ògiri. Mítà 4 sí 3 ni mo máa kọ́ fún ẹja méjì yìí. Kí omi jẹ́ mítà kan, ìyẹn lítà 12,000. Kí ògiri jẹ́ mítà kan àbọ̀, kó fi ààbọ̀ mítà ga ju omi lọ, kí ẹ sì tún fi àwọ̀n líle onífírémù irin bò ó, tí a lè tì. Òru òjò ni wọ́n máa ń gbìyànjú àtijáde jù, torí ìgbà òjò ni wọ́n máa ń wọ́ lọ sí pápá tí omi bò láti yé ẹyin. Kí omi má kan àwọ̀n o: ẹja yìí ní láti yọ ẹnu sókè mí, bí kò bá rí àyè, ó lè kú sínú omi.

Ẹ rẹ́ ògiri inú dan. Ògiri tó ní iyanrìn gbúngbùn ló ń bó ikùn àti irun ẹnu wọn. Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń sọ omi di oró, pH rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi hàn bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe jọ omi eérú) lè kọjá 10. Ẹ pọn omi kún un, kó wà fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Gígé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀, bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe, kò burú, àmọ́ bébà tí wọ́n fi ń wọn pH ló máa sọ òótọ́. Ẹ má kó ẹja sí i bó bá ṣì ju 8.5 lọ.

Páìpù ìdànù lè pa ẹja ńlá, a kì í sì í ronú kàn án. Ọ̀pọ̀ táǹkì ló ní páìpù tó nàró nínú omi. Ẹja kílò 9 á fi ìrù gbá a lóru, á yọ, táǹkì á sì ti gbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí páìpù ínṣì 4 gba ìsàlẹ̀ ògiri jáde, kí ẹ fi ẹ́bò (ìsopọ̀ páìpù tó tẹ̀) gbé e nàró *níta*. Bó bá ṣe ga tó níta ni omi inú máa ga tó. Ẹ fi bóòtù de àwọ̀n irin mọ́ ẹnu rẹ̀ nínú.

Wọn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ fi páálí tàbí tapólì ṣíji bo ìdajì táǹkì, kí ẹ gé orí àti ìdí dúrọ́ọ̀mù lítà 200 kan fún ẹja kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ha etí rẹ̀ dan, kó rì sísàlẹ̀. Bí ibi ìsápamọ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á jà lé e lórí.

Ẹ máa pààrọ̀ ìdajì omi ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tí ẹja yìí ń mí ló ń tan èèyàn jẹ: omi á ti bàjẹ́, kò ní kú, àmọ́ àmónyà látinú ìgbẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù á ti máa jó awọ rẹ̀. Bí pH bá ṣe ga sí i ni àmónyà náà ṣe ń le sí i. Bí omi ẹ̀rọ bá ní klorín, kó sùn nínú táǹkì òkè fún ọjọ́ kan sí méjì. Omi kànga ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kó ti òkè ṣàn já sínú táǹkì kó lè gba afẹ́fẹ́.

Oúnjẹ: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, nírọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Fún kílò 9, gíráàmù 90. Oúnjẹ oníhóró mìlímítà 9 ló dára. Ẹja láti odò lè kọ̀ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní ẹja tútù tí a gé, kí ẹ máa fi oúnjẹ oníhóró há a nínú díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣawa ni, ẹ sè é, torí tútù rẹ̀ ní èròjà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná ló ń pa á. Òkú adìyẹ àti ìfun rẹ̀, rárá. Ọ̀rá rẹ̀ á kún inú abo, ẹyin ò ní dára. Oúnjẹ tó ti pẹ́ náà, ẹ jù ú nù: fítámì C rẹ̀ ti lọ, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí agbárí àrọ̀ là.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé wọn, kí wọ́n má jẹun fún wákàtí 24 ṣáájú. Láti mú kí ẹja náà sùn, ẹ pò òróró kànáfùrù mìlílítà 5 mọ́ étánọ́ọ̀lù (ọtí líle tí a kò bù là) mìlílítà 45 nínú ìgò, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ dà á sínú omi lítà 100, kí ẹ sì gbé ẹja náà sí i. Ògógóró ò lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Torí pé ẹja náà ń mí lókè omi, oorun máa ń pẹ́ kó tó gbé e. Ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ronú àtifi ìdajì kún un. Bó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí ẹ fún un nírù tí kò mira, àmọ́ tí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣí ń pa dé, ẹ fi tapólì tútù gbé e, ẹni méjì. Ẹ má fi àwọ̀n kó o, ẹ̀gún rẹ̀ á há. Ẹ má sì fi ìrù gbé e sókè, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè yẹ̀.

Ọmọ tí akọ Hetero bá bí pẹ̀lú abo Clarias máa ń yára dàgbà, ọjà rẹ̀ sì yá. Kí ẹ tà á fún jíjẹ nìkan. Ẹ má fi irú rẹ̀ ṣe ìyá ẹja, ẹ má sì dà á sódò, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.