Ilẹ̀kùn lẹ kọ́kọ́ wò, ẹ fi àmì iwájú sílẹ̀ ná: bá a ṣe ń dá lọ́rì mọ̀ látinú fọ́tò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra lọ́rì kan, ibi tó wà jìnnà, fọ́tò mẹ́ta péré lẹni tó fẹ́ tà á fi ránṣẹ́ sí mi. Actros funfun ti Mercedes ni, wọ́n kọ 1845 sára ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ní ti 2019 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní MP5, ìyẹn ìran karùn-ún Actros. Ṣùgbọ́n míírọ̀ ńlá méjì ṣì wà lára ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan sì sọ pé MP5 kì í ní míírọ̀, pé kámẹ́rà ló máa ń ní. Ṣé irọ́ lọkùnrin yìí ń pa ni? Àti pé báwo lẹ̀yin gan-an ṣe máa ń mọ̀ wọ́n, torí lójú tèmi ṣe ni gbogbo wọn jọra.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o káre tó o béèrè kówó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ. Màá kọ́kọ́ dáhùn ti míírọ̀ yẹn, lẹ́yìn náà màá ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń wo fọ́tò, torí pààtì lọ́rì ni mo ń tà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi pé irú èwo nìyí, èwo ló máa wọ̀ ọ́.

Míírọ̀ ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Òótọ́ ni pé nígbà tí Mercedes fi Actros yẹn han aráyé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, kámẹ́rà kékeré tó yọ apá síta lókè ilẹ̀kùn ló gba ipò míírọ̀, MirrorCam ni wọ́n ń pè é, òun sì lẹnu gbogbo èèyàn ń pè káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní míírọ̀ lòun fẹ́, wọ́n ń fún un ní míírọ̀. Láti 2021 sì rèé, DAF náà ti ń fi kámẹ́rà sí tiẹ̀, torí náà tó o bá rí kámẹ́rà má tíì sọ pé Actros ni, tó o bá sì rí míírọ̀ má tíì sọ pé irọ́ ni.

Ohun tó máa yanjú ẹ̀ ni fọ́tò inú. Ìdí ni pé MP4 tó jáde ní 2011 àti MP5, orí kan náà ni wọ́n ń lò, orí tí mò ń wí yìí ni ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, ilẹ̀kùn kan náà, gíláàsì iwájú kan náà, o lè wò wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́ láti ìta kó o má rí ju iná iwájú tó yàtọ̀ díẹ̀. Àmọ́ tó o bá wọnú ẹ̀, MP4 ṣì ní aago róbótó róbótó tó ní abẹ́rẹ́ níwájú dírẹ́bà, MP5 sábà máa ń ní ojú iná méjì gbàràgàdà bíi táblẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lẹ́yìn sítíárì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ní kó ya dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí ẹ, kó tan iná ọkọ̀ kó tó yà á. Kó o sì mọ èyí o, ọkọ̀ lè jẹ́ ti 2019 lóòótọ́ kó sì jẹ́ MP4, torí ọdún tí wọ́n gba ìwé ọkọ̀ ọ̀tọ̀, módẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó dáa, báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wò ni iwájú, àmì tó wà láàárín, orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Òun gan-an ni mo máa ń wò gbẹ̀yìn. Iwájú lọ́rì, ike ló pọ̀ jù níbẹ̀, bọ́ńpà, iná, ike tó bo ẹnu ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé tú pẹ̀lú sípánà láàárín ọjọ́ kan, tí wọ́n á sì gbé ti módẹ́ẹ̀lì tuntun wọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn ò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń tẹ páànù ilẹ̀kùn àti òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì jáde, owó gọbọi ni wọ́n fi ń ṣe é, ilé iṣẹ́ tó bá ti ṣe é kì í fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ àfi tó bá lò ó dáadáa, nígbà míì ogún ọdún, ike iwájú nìkan ni wọ́n á máa yí padà láàárín kan kó lè dà bí ọkọ̀ tuntun lójú. Wo Volvo FH, 1993 ni wọ́n gbé e jáde, ó di 2012 kí wọ́n tó ṣe orí tuntun fún un. Actros, láti 1996 títí di 2011, MP1 MP2 MP3, orí kan náà ni lábẹ́ gbogbo ike yẹn. Iveco tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn EuroTech ìgbà 1992 yẹn ni wọ́n gbé wá sórí Stralis ní 2002, wọ́n tún gbé e dé Hi-Way ní 2012, àfìgbà tí S-Way dé ní 2019 ló tó yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ilẹ̀kùn ni ẹlẹ́rìí tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Kí lo máa wò lára ilẹ̀kùn? Wo etí ìsàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀, ṣé ó tẹ́jú gbọọrọ ni àbí ó dagun síwájú, ṣé ó ní ibi tó ti bọ́ wálẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Wo ibi tí ọwọ́ ìṣílẹ̀kùn wà. Wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ṣé ó bo àtẹ̀gùn mọ́lẹ̀ ni àbí àtẹ̀gùn wà níta gbangba. Wo òpó tó wà láàárín gíláàsì iwájú àti ilẹ̀kùn, bó ṣe dagun sí, torí lára FH tuntun ti 2012 yẹn òpó yìí nàró ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n fi wá àyè sí i nínú ọkọ̀ ni, èmi kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wo iná ẹ̀ mọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Tó o bá ti wo mẹ́rin yìí lára ọkọ̀ mẹ́wàá tí o mọ orúkọ wọn dájú, ojú ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀.

Èmi náà fara gbá kí n tó gbọ́n. Oníbàárà kan fi fọ́tò iwájú lọ́rì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò iwájú nìkan, ojú tuntun ló wà níbẹ̀, mo wá fi àtẹ̀gùn àti ìbòrí táyà ti módẹ́ẹ̀lì tuntun ránṣẹ́ sí i. Ó dé ibẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ti gbé ojú tuntun wọ ọkọ̀ àtijọ́ kó tó ra ọkọ̀ náà, òun pàápàá ò mọ̀. Mo dá owó ẹ̀ padà, inú mi ò dùn rárá, kì í ṣe torí owó, torí ọkọ̀ ẹ̀ dúró gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn láìṣiṣẹ́ ni. Látọjọ́ náà tí wọn ò bá ya ẹ̀gbẹ́ fún mi mi ò ní dáhùn.

Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn wá ńkọ́? Ó wúlò gan-an, àmọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ka tiẹ̀. 1845 tó o rí yẹn, 18 ni tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lè gbé pẹ̀lú ìwúwo ara ẹ̀, 45 ni agbára ẹ́ńjìnnì, ìyẹn nǹkan bí 450 horsepower. MAN náà ń kà á bẹ́ẹ̀, 18.440, tọ́ọ̀nù 18, horsepower 440. Scania ayé ìsinsìnyí, R 450, agbára nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́tà yẹn ló ń sọ bí orí ṣe ga tó, L ló kéré jù, P tẹ̀ lé e, G, R, kó tó wá kan S tó dé ní 2016, òun ni ilẹ̀ inú ẹ̀ tẹ́jú láìsí òkè ẹ́ńjìnnì láàárín. Scania àtijọ́ wá yàtọ̀ pátápátá, tó o bá rí 124 L 420, 12 ni lítà ẹ́ńjìnnì, 4 ni ìran ọkọ̀ náà, 420 ni agbára. Volvo FH12 náà, lítà ni 12 yẹn. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù ni DAF XF105, wọ́n á ní 105 yẹn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ agbára tàbí lítà, rárá o, orúkọ módẹ́ẹ̀lì ni, XF95 ló ṣáájú ẹ̀, agbára wà lẹ́yìn ẹ̀ bíi XF105.460. Ti Iveco ló gùn jù, AS440S48, AS ni orí ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, 440 ni tọ́ọ̀nù 44, 48 ni 480 horsepower. Ṣùgbọ́n rántí o, nọ́ńbà yìí sítíkà ni, wọ́n ń tà á, ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ òun lágbára lójú àwọn èèyàn á ra 580 lẹ̀ mọ́ 440.

Ọ̀rọ̀ jíjọra tó o sọ yẹn, kì í ṣe ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́, òótọ́ ni, àwọn kan jọra torí wọ́n jẹ́ ẹbí. Howo ti Sinotruk, ilé iṣẹ́ Ṣáínà, tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ o máa rí Volvo níbẹ̀. Shacman F3000, orí MAN F2000 ni wọ́n ti mú un jáde, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ MAN. Sitrak tí Sinotruk ń ṣe náà jọ MAN TGX bí ìbejì, torí láti 2009 ni MAN ti ní ìpín nínú Sinotruk. Beiben, orí Mercedes àtijọ́ ló gbé rìn. Ti Rọ́ṣíà náà wà, Kamaz 5490 gbé orí Axor ti Mercedes, 54901 tó tẹ̀ lé e gbé orí Actros. Àwọn kékeré tó ń pín ẹrù nínú ìlú náà ń yá ara wọn lórí, DAF LF, Renault Midlum àti Volvo FL ti 2006, orí kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ike iwájú ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Torí náà ibí yìí nìkan ni mo ti gbà kí iwájú ṣèdájọ́: tí ilẹ̀kùn bá ti sọ ìdílé, iwájú á sọ ọmọ. Irin tó dábùú ẹnu ẹ̀, Volvo nìyẹn. Kìnnìún, MAN nìyẹn. Scania kì í fi tiẹ̀ pamọ́, orúkọ ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sókè ẹnu ẹ̀.

Tí lọ́rì bá ní imú gígùn, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn, Amẹ́ríkà ló sábà máa ń jẹ́. Kò ṣẹ̀yìn òfin. Nílẹ̀ Yúróòpù, orí àti tírélà ni wọ́n jọ ń wọ̀n pọ̀, 16.5 mítà ni wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹni tó bá fi imú gùn ti jẹ nínú àyè ẹrù ẹ̀, ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà fi ń jókòó sórí ẹ́ńjìnnì. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin 1982, tírélà nìkan ni wọ́n ń wọ̀n ní òpópónà ńlá, imú lè gùn bó ṣe wù ú. Kenworth, Peterbilt, Freightliner, Mack, International, àwọn nìyẹn. Peterbilt 379 àti 389 máa ń da àwọn èèyàn láàmú, iná iwájú ni kó o wò. Ní Yúróòpù náà wọ́n ti wá ń gbà kí iwájú yọ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá dáadáa, DAF XG ti 2021 fi sẹ̀ǹtímítà 16 yọ síwájú, Volvo FH Aero ti 2024 fi 24 yọ, tó o bá rí ọkọ̀ tí iwájú ẹ̀ rọra yọ ikùn báyìí, kì í ṣe ọkọ̀ àtijọ́.

Ohun kékeré kan tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ ni táyà. Nínú fọ́tò, wo bí ara orí lọ́rì ṣe jìnnà sí etí táyà. MAN TGX fẹ̀ tó mítà 2.44, TGS 2.24 péré, táyà àwọn méjèèjì sì wà ní fífẹ̀ mítà 2.55, torí náà lára TGS ike tó bo táyà máa yọ síta bí eteetí fìlà. Kó o tún ka nọ́ọ̀tì táyà, mẹ́wàá ni ti lọ́rì ńlá, tó o bá rí mẹ́jọ tàbí mẹ́fà ọkọ̀ kékeré ló sábà máa ń jẹ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ilẹ̀kùn.

Ó yá, ká padà sórí tìẹ. Má jẹ́ kó tún ya iwájú ránṣẹ́ mọ́. Ní kó dúró ní ìgun, kó lè mú iwájú àti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà pọ̀ nínú fọ́tò kan, kó jìnnà tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó má sún kámẹ́rà mọ́ ọn torí ó máa ń fún ilẹ̀kùn pọ̀. Ní kó ya dáṣíbọ́ọ̀dù bí mo ṣe wí. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù, kó ya nọ́ńbà ṣáàsí, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kó ya èyí tí wọ́n lù sára irin ṣáàsí gangan, kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ti Mercedes ọjọ́ pípẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDB (YV2 ni Volvo, YS2 Scania, WMA MAN, XLR DAF). Nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni kó o tẹjú mọ́. Tó bá jẹ́ 930 sí 934, orí àtijọ́ ni, MP2 tàbí MP3, wọ́n kàn wọṣọ tuntun fún un ni, má ra a ní iye MP5 láéláé. Tó bá jẹ́ 963, orí tuntun ti 2011 sókè ni, MP4 tàbí MP5, dáṣíbọ́ọ̀dù á wá sọ èwo nínú méjèèjì. Tó bá ti fi ránṣẹ́ kó o jọ̀ọ́ fi sí mi kó o tó fún un ní kọ́bọ̀, màá bá ẹ wò ó lọ́jọ́ náà gan-an.