Tí kóòtù bá ti pa kéèsì mi rẹ́, ṣé mo lè kọ "rárá" sínú fọ́ọ̀mù sítísìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Maryland ni mò ń gbé, ní Prince George's County, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, mo sì ní gírín káàdì. Lọ́dún 2019 wọ́n mú mi ní ṣọ́ọ̀bù kan pé mo kó ọjà tí mi ò sanwó ẹ̀, ọjà ọ̀hún ò tó $100. Lọ́yà ní kí n ṣáà gbà pé mo jẹ̀bi kó lè tètè tán, adájọ́ wá fún mi ní PBJ (probation before judgment, ìyẹn ni pé kò tíì dá mi lẹ́bi) pẹ̀lú probation ọdún kan, àkókò tí wọ́n fi ń ṣọ́ mi bóyá màá hùwà dáadáa, mo sì parí ẹ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ gbogbo ibi tí mo bá ti wáṣẹ́ ni wọ́n ń rí i. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n lọ ṣe expungement, ìyẹn kí kóòtù pa kéèsì náà rẹ́, pé tó bá ti kúrò nílẹ̀, kí n kọ "rárá" síbi tí fọ́ọ̀mù sítísìn ti bi mí bóyá wọ́n ti mú mi rí. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "rárá" yẹn o. Ẹ lọ ṣe expungement, ìyẹn dáa, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ nìyẹn, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni immigration. Láti 1996 ló ti wà nínú òfin wọn pé téèyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fún un níyà kankan, bó ti wù kó kéré mọ, wọ́n ti dá a lẹ́bi nìyẹn lójú tiwọn, probation náà sì wà lára ìyà yẹn. Torí náà PBJ tí Maryland ò kà sí ìdálẹ́bi, àwọn kà á, pípa tí kóòtù sì pa á rẹ́ ò yí i padà. Fọ́ọ̀mù sítísìn yẹn, N-400, fúnra ẹ̀ sọ pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ kódà tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ẹ sì máa tẹ̀ka, ọ̀dọ̀ FBI nìka yẹn ń lọ. Tí wọ́n bá rí i, ọ̀rọ̀ ọjà ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló máa dá yín dúró, irọ́ tẹ́ ẹ pa lábẹ́ ìbúra ni. Ó máa ń dùn mí gan-an báwa fúnra wa ṣe ń gba ara wa nírú ìmọ̀ràn yìí, torí òótọ́ yẹn gan-an lè má pa yín lára: ẹ̀sùn ẹyọ kan ni, ọjọ́ 90 sì ni ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù fún olè tí kò tó $100 ní Maryland, lọ́yà immigration ló máa bá yín ṣírò ẹ̀. Ẹ sọ fún un náà tí lọ́yà 2019 yẹn ò bá ṣàlàyé ewu gírín káàdì fún yín kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ jẹ̀bi, torí láti 2010 ni Supreme Court ti sọ ọ́ di dandan fún wọn.

Kẹ́ ẹ tó fi ìwé expungement sílẹ̀ rárá, ẹ lọ bá clerk ní kóòtù, ẹ ní kó fún yín ní true test copy ti kéèsì yẹn, ìyẹn ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, ẹ gbà tó mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé tó fi hàn pé ẹ parí probation. Wọ́n máa bi yín ní íńtáfíù, tí kóòtù bá sì ti kó fáìlì kúrò nílẹ̀, wàhálà ni kẹ́ ẹ tó tún rí i gbà.

Ti kóòtù ò le. Tó bá ti pé ọdún 3 tí adájọ́ fún yín ní PBJ, tí probation sì ti parí, tí wọn ò dá yín lẹ́bi nǹkan míì láàárín ọdún 3 yẹn, tí kò sì sí kéèsì lọ́rùn yín báyìí, ẹ gba fọ́ọ̀mù CC-DC-CR-072A, kóòtù tí kéèsì ti parí lẹ máa mú un lọ. Ọjọ́ 30 ni State's Attorney, ìyẹn lọ́yà ìjọba, ní láti takò ó, lápapọ̀ ó máa ń tó oṣù mẹ́ta. Maryland Legal Aid máa ń ran àwọn tówó ò fi bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gbowó ńlá lọ́wọ́ yín torí fọ́ọ̀mù yìí.

Tó bá ti bọ́ sí i, ó máa kúrò lórí Case Search, ìyẹn ìkànnì táwọn èèyàn ti ń wo kéèsì kóòtù Maryland, agbaniṣíṣẹ́ ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín nípa ẹ̀ mọ́. Àmọ́ àwọn kọ́ńpìnnì tó ń ṣe background check lè ṣì ní ẹ̀dà àtijọ́ lọ́wọ́, tó bá tún jáde níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ fi ẹ̀dà àṣẹ adájọ́ sí i, dandan ni kí wọ́n yọ ọ́.