Ọrun tí a so pọ̀ láàárín, ṣé ó lè rí iná?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti fi gọ́ọ̀mù so igi méjì pọ̀ níbi ìdìmú, ẹ wá fẹ́ yan ikùn ọrun náà, ìyẹn ojú tó kọjú sí ẹni tó ń ta á, kó lè le sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà yín kí oríkèé, ibi tí ẹ ti so wọ́n pọ̀, má lọ tú. Ẹ̀rù yín tọ́. Ooru tó ń mú igi le, òun náà ló ń sọ gọ́ọ̀mù di rírọ̀.

Ẹ má tìtorí ìyẹn kọ́kọ́ yan apá méjèèjì kí ẹ tó so wọ́n. Ìgbà tí igi méjèèjì bá ti di ọ̀kan lẹ máa tó rí i bóyá ọṣán máa gba àárín gbùngbùn kọjá. Bí wọ́n bá ti le tán kí ẹ tó rí i pé apá kan wọ́, iná náà lẹ máa padà sí. Ẹ so ó ná, kí ẹ wá yan apá nìkan. Ìdìmú kì í tẹ̀, kí ni yíyan fẹ́ ṣe fún un?

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti sún mọ́ 60°C, ọ̀pọ̀ epoxy lásán, gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ kó tó gan, náà kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kì í sì í pọ́n rúsúrúsú bí ooru ò bá ju 150°C lọ dáadáa. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sè látinú awọ ẹran ń gbìyànjú lábẹ́ ooru gbígbẹ, àmọ́ omi gbígbóná ló ń tú u, torí náà ẹ má gbé e sún mọ́ ooru omi tí ẹ bá fẹ́ tẹ orí ọrun. Èmi máa ń fi aṣọ gbígbẹ tó nípọn dì oríkèé, màá fi fóìlì bò ó, màá sì dá iná dúró ní bí ìbú ọwọ́ kan sí etí rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kàn án tí ọwọ́ mi ò lè dúró níbẹ̀, iná ti sún mọ́ ọn jù.

Gọ́ọ̀mù kọ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ oríkèé jẹ́ ṣá, gígé ni. Irú èyí tí a gé bí ìrù ẹja ni mo fẹ́ràn, kó gùn tó 10 cm. Ẹ fi èédú pa ojú kan, kí ẹ tì í wọ inú èkejì, kí ẹ fà á yọ. Ibi tí dúdú bá ti ràn mọ́ ni kí ẹ fi ọ̀bẹ họ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ títí dúdú á fi ràn ká gbogbo ojú rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń súni ni, mo mọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun ń fẹ́ kí ojú méjèèjì fún mọ́ra pinpin, kí kílámpù, irin tí a fi ń fún igi pọ̀, sì mú un dáadáa. Epoxy kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá fún un jù, gbogbo rẹ̀ á tú jáde, oríkèé á sì gbẹ láìní nǹkan nínú.

Ẹ tẹ ọrun wò kó tó rí iná, kí apá méjèèjì máa tẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n kó ṣì nípọn díẹ̀. Ara òkè ikùn ni yíyan ti ń lágbára jù, bí ẹ bá tún wá họ ọ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, èrè iná lẹ ń họ dànù yẹn. Ẹ dè é mọ́ pákó tó tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, kí heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, jìnnà tó 10 cm, kí ẹ sì rọra. Bí àwọ̀ bá yára dúdú, òkè ló jó, inú ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ mi kan kì í kúrò lẹ́yìn ọrun, ojú kejì tó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń ta á. Ẹ̀yìn yẹn ni nínà ń bá, bí òun náà bá gbóná jù, á di ẹlẹgẹ́, á sì ṣẹ́.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì pàápàá. Iná ti fa omi ara igi gbẹ, ó sì gbọ́dọ̀ fa díẹ̀ padà látinú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni mo máa ń fún un. Mo máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n láràárọ̀, ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá lọ sókè mọ́ ni mo tó fi ọṣán sí i. Igi tó dára gan-an ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ìkánjú yìí.

Wọ́n ní bí ọṣán bá já, ọrun á di ọ̀pá. Ti oríkèé tó bá já burú ju ìyẹn lọ, ojú ẹni ló sábà ń wá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn yíyan, ẹ má wulẹ̀ fi okùn wé e mọ́lẹ̀. Ẹ tú u pátápátá, kí ẹ họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ títí ẹ ó fi rí ara igi, torí gọ́ọ̀mù funfun tuntun kì í di èyí tó ti gbẹ mú dáadáa, kí ẹ tó tún un lẹ̀.