Ọrùn mi ò wú rárá, thyroid náà ni

Àbúrò mi, o ní òtútù ń mú màmá ẹ, ó ń rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń sanra láìjẹun púpọ̀, àmọ́ wọn ò ní gẹ̀gẹ̀, ṣé ó lè jẹ́ àìsàn thyroid, ẹ̀yà ara kékeré inú ọrùn yẹn? Ó lè jẹ́ ẹ dáadáa, ó ṣe èmi alára.

Oṣù kẹta ni o, ooru Abẹ́òkúta tá a jọ mọ̀ yẹn, èmi wọ súẹ́tà jókòó ti àdìrẹ mi ní Ìtòkú, àwọn tá a jọ ń tajà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ohùn mi ti kẹ̀, ara mi gbẹ bí èèpo iṣu, mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin kí n má yàgbẹ́, owó tí mo bá kà lẹ́ẹ̀mejì mi ò ní rí i kà bákan náà. Wọ́n ní ibà ni, mo lo oògùn ibà ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò tó, mo ra blood tonic. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni, owó tó bá ìyẹn lọ, má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí dókítà kan ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH àti T4 ni àṣírí tú, TSH ga fíofío, T4 wálẹ̀. Ó ní thyroid wà níwájú ọrùn lábẹ́ gògóńgò, ó rí bíi labalábá, áyọ́díìnì inú iyọ̀ àti ẹja òkun ló fi ń ṣe T4, hòmóònù tó ń sọ bí ọkàn, ìfun àti ooru ara ṣe máa ṣiṣẹ́ sí, tí hòmóònù yẹn ò bá wá tó, ọpọlọ á máa fi TSH pariwo mọ́ ọn.

Wọ́n fún mi ní levothyroxine 50 microgram, oògùn tó ń dípò hòmóònù yẹn. Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé: blood tonic ni mo máa ń lò mọ́ ọn láàárọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa mu ògì tí mo da mílíìkì sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà TSH ò mira. Wọ́n ti fẹ́ fi kún oògùn kí nọ́ọ̀sì àgbà kan tó bi mí pé kí ni mò ń lò mọ́ ọn, mo kà á fún un, ó ní "Yéè, ìyá!" Áyọ́ọ̀nù (iron) inú blood tonic àti calcium inú mílíìkì kì í jẹ́ kí oògùn yẹn wọ ara. Omi lásán ni kí wọ́n fi lò ó, inú òfìfo, kí wọ́n dúró tó wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun, blood tonic di ọ̀sán.

Sọ fún dókítà kó ṣe TSH fún wọn. Tí àyà bá ń dà wọ́n láàmú, sọ ìyẹn náà, torí kékeré ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, má fún wọn ní tèmi o.

Súẹ́tà yẹn ṣì wà, ọmọ mi ló ń wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́.