Àna ará Íńdíà fẹ́ orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ ní àwọn àna yín ará Íńdíà fẹ́ kí orúkọ ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, ìyá àgbà sì ní òun ò lè pe orúkọ àjèjì. Ẹ sọ ọmọkùnrin náà ní Ayọ̀ àti Anand. Ayọ̀ náà ni Anand túmọ̀ sí ní èdè Sanskrit, A ló sì bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì. Ìyẹn yẹ kó tẹ́ àwọn ẹbí yín ní Bódìjà àti àwọn àna yín lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àna yín ná: ṣé ìdá kìn-ín-ní ìràwọ̀ Krittika ni wọ́n bí i sí? Ní àṣà Íńdíà, ìràwọ̀ tí òṣùpá wà nígbà tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n fi ń yan lẹ́tà tí orúkọ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́rin ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ìdá kọ̀ọ̀kan sì ní lẹ́tà tirẹ̀. Ti Krittika ni A, I, U, E. Bó bá bọ́ sí ìdá kejì, I ni yóò jẹ́, Ayọ̀ ò ní bá a mu mọ́.

Ti ìyá àgbà tó ní òun ò lè pe orúkọ àjèjì kò le rárá. Oríkì ni kí wọ́n fún ọmọ náà, kí ìyá àgbà máa fi pè é: Àlàó, Àjàní, Àkànó, A náà ni gbogbo wọn! (Èmi fẹ́ràn Àlàó.)

Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló fi wáyé, Ìgè ti sọ ara rẹ̀ lórúkọ nìyẹn. Àwọn tó kù á wá tẹ̀ lé e.