Kí ẹ tó ra Panzer Dragoon Saga, bátìrì Saturn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ ní ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ ta géèmù Panzer Dragoon Saga fún yín, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan Saturn yín, ẹ̀rọ géèmù Sega, ló ń béèrè èdè àti déètì, tí gbogbo ibi tí ẹ gbá géèmù dé sì ń pòórá. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ jáwọ́. Ẹ má jáwọ́. Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́, bátìrì rẹ̀ ló kú.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ló wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló sì ń gbé kìlóbáìtì 32 tí Saturn fi ń rántí nǹkan ró. Bí nǹkan kan bá ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó lọ, ẹ tan ẹ̀rọ náà kí ẹ tó yọ bátìrì. Iná ni yóò di ìrántí náà mú títí tuntun yóò fi wọlé. Bí mo ṣe máa ń ṣe tèmi nìyẹn, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Kìkì pé kí ẹ má fi irin yọ ọ́ o, nítorí iná ti wà lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn ra kátíríìjì ìpamọ́, èyí tí wọ́n ń ki bọ Saturn láti tọ́jú ibi tí ẹ gbá géèmù dé. Ó dáa lóòótọ́: kò lo bátìrì, ó sì gba nǹkan ju inú ẹ̀rọ lọ fíìfíì. Àmọ́ ihò kátíríìjì Saturn ló ń bí mi nínú jù lára ẹ̀rọ yẹn. Bí kò bá jókòó dáadáa, Saturn á ní òun ò rí nǹkan kan, tàbí kó da ohun tó wà nínú rẹ̀ rú. Ẹ máa fi òwú àti isopropyl (ọtí tí a fi ń nu nǹkan) nu ẹnu kátíríìjì náà, ẹ má sì fọkàn tán òun nìkan.

Ní ti rírà, díìsìkì mẹ́rin ni géèmù yìí, àwọn tó ń tà á sì fẹ́ràn láti fi ti àkọ́kọ́ nìkan ṣe àfihàn. Ẹ ní kí wọ́n ki mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú yín. Ẹ gbé wọn sókè síná pẹ̀lú: ojú tí wọ́n tẹ àwòrán sí ni kí ẹ bẹ̀rù jù, torí abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ohun tí ẹ̀rọ ń kà wà. Ẹ rí ihò tín-ín-rín tí iná gbà kọjá? Ẹ dá a padà. Ti Japan, tó ń jẹ́ Azel: Panzer Dragoon RPG, kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ Saturn Amẹ́ríkà kò ní gbà á bẹ́ẹ̀ lásán, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè Japan.

Ṣé géèmù náà tó gbogbo wàhálà yìí? Lójú tèmi, ó tó. Àwọn géèmù Panzer Dragoon tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni dírágónì ń fò, tiyín ni kí ẹ máa yìnbọn. Nínú èyí, Yukio Futatsugi tó darí rẹ̀ àti Team Andromeda, àwọn tó ṣe é ní Sega, jẹ́ kí ẹ máa fò yí ọ̀tá ká láàárín ìjà: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Rédà á fi pupa hàn níbi tí ewu wà, àwọ̀ ewé níbi tí ara ti lè tù yín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tí ọ̀tá ti rọ̀ jù sábà máa ń wà nínú pupa yẹn. Òṣùwọ̀n mẹ́ta tí ẹ ń ná láti kọlu ọ̀tá ń kún díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí ẹ ná ọ̀kan báyìí ni, àbí kí ẹ fara gba ìyà títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi kún? Ẹ tún lè yí dírágónì fúnra rẹ̀ padà, kó le sí i tàbí kó yára sí i. Ẹnu ò gbà á tán.

Ọdún 1998 ló jáde, nígbà tí Sega ti ń palẹ̀ Saturn mọ́ fún Dreamcast, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Wọ́n tún Panzer Dragoon àkọ́kọ́ ṣe ní 2020. Saga, wọn ò fọwọ́ kàn án. Bí owó rẹ̀ bá le jù, Mednafen, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe bíi Saturn, ń gbé e dáadáa.

Bí ẹ bá sì rà á, nígbàkigbà tó bá ní kí ẹ pààrọ̀ díìsìkì, ẹ da ìpamọ́ yín kọ sínú ẹ̀rọ àti sórí kátíríìjì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.